Bàtà Tí Mo Tú Lára Àálè

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi tí a ti jọ ń gbé láti ọdún mọ́kànlá kò tíì gbà mí gbọ́, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá ti la ẹnu sí ìtàn náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé mi lọ́nà lónìí, tí ẹ rí i pé mo ń yà fún igi ìdáná tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ìgbà tí ènìyàn ń yà fún olóyè, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí ojú mi rí.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ẹ̀siẹ̀. Àpọ́n ni mí nígbà náà. Mo ní yàrá kan, mo ní bàtà aláwọ dúdú kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé, mo sì ní kẹ̀kẹ́ kan tí ó mú mi gbàgbé pé n kò ní nǹkan mìíràn. Kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wẹ́dà kan ní Òmù-Àrán ló bá mi wá ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n kó wá nínú páálí, ẹ́ńjìnnì tí kò tóbi ju orí àgbò lọ. Ó dè é mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ náà, ó fi agolo epo sí orí irin, ó sì ta ṣéènì kejì sí apá òsì, láti ara ẹ́ńjìnnì lọ dé ara táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ti bàbá mi ṣì wà ní apá ọ̀tún pẹ̀lú pẹ́dàlì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti pa ìyẹn tì. Bí mo bá ti fi iná sí i, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àgbọ́n inú ìkòkò, àwọn ọmọ á máa sáré tẹ̀lé mi, àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti oko á dúró wò, èmi náà á sì na ọrùn sókè bí àkùkọ tó gun ògiri.

Ṣéènì ẹ́ńjìnnì yìí gùn. Bí ṣéènì bá gùn, yóò dẹ̀. Bó bá dẹ̀, yóò máa fò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń de rólà kékeré kan mọ́ irin kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, rólà tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ, kó máa tẹ ṣéènì kó lè le. Kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ọjọ́ tí mo wá gba kẹ̀kẹ́ ni ọ̀gá wẹ́dà fi sípánà tọ́ka sí i.

"Tíṣà, wo nǹkan yìí dáadáa. Ó kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń di ilé mú. Àràárọ̀ ni kí o máa fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bó bá dẹ̀, irin tó gbé rólà á yí wọ inú sípóòkù, táyà á sì há pinpin. Kẹ̀kẹ́ á dúró. Ìwọ ò ní dúró."

"Bí rólà yẹn bá wá fọ́ lọ́nà ńkọ́, ọ̀gá?"

"Yọ ṣéènì, fi kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà, kí o máa fi ẹsẹ̀ wà á lọ sílé bí bàbá rẹ ti ń ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi ń pè ní Tíṣà Alẹ́ńjìnnì! Kí n máa fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ kọjá lójú wọn, kí n fi ṣéènì kọ́rùn! Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Tèmi kò tilẹ̀ gbọ́ àlọ.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àálè. Àwọn tó dàgbà sí ìgboro lè má mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá kó igi ìdáná tàbí iṣu jọ sí ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, ó lè so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa tàbí bàtà gbígbó mọ́ ọ̀pá kan, kó gbé e lé e lórí. Ẹni tó ni ín wà nílé, àmọ́ àálè ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lórí ẹrù náà, yóò sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ní Ìgbómìnà wa, mo ti rí igi tó wà lójú ọ̀nà títí òjò fi sọ ọ́ di ilé ikán, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èmi tíṣà, mo dúró níwájú pátákó, mo ní àmì ìkìlọ̀ lásán ni, ó dà bí ìgbà tí a kọ "Má wọlé" sára ilẹ̀kùn. Ọmọdébìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lè fọwọ́ kàn án?"

"Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?" Mo dá a lóhùn, gbogbo kíláàsì sì wò mí bí ẹni tó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ihò ejò.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni. Mo lọ sí Òmù-Àrán láàárọ̀, mo sì ń padà bọ̀ lọ́sàn-án. Mo gba ọ̀nà oko nítorí pé ó yá, kò sì sí ọkọ̀ níbẹ̀ tí yóò bu eruku lù mí. Òjò ti ṣú lẹ́yìn òkè, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ewé igi sí òdìkejì. N kò rí ènìyàn kankan. Mo ń sáré kí òjò tó dé. Lójijì ni mo gbọ́ kẹ́rẹ́! lábẹ́ ẹsẹ̀ mi òsì, ṣéènì sì bẹ̀rẹ̀ sí í na irin kẹ̀kẹ́ ní pàṣán. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo bọ́ sílẹ̀. Rólà ti là sí méjì. Ìdajì rẹ̀ kan ni mo rí nínú koríko. Ìdajì kejì bá tirẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ṣì lè rìn o. Pẹ́dàlì wà níbẹ̀, ṣéènì ọ̀tún wà níbẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wẹ́dà. Ṣùgbọ́n mo tún rántí ìkóríta tí àwọn ènìyàn máa ń jókòó sí kí n tó wọ ìlú, mo sì rí ara mi níwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀gbà ṣéènì lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ yíká bóyá mo lè rí ohun tí mo lè fi rọ́pò rólà, ohun tó le díẹ̀ tó sì rọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí igi ìdáná kan tí wọ́n tò dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ga dé àyà mi. Ọ̀pá kan wà lórí rẹ̀. Ìkarahun ìgbín kan àti ṣùkù àgbàdo méjì rọ̀ sára ọ̀pá náà, àti bàtà kan, bàtà rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà ọkọ̀, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko. Ìdí rẹ̀ nípọn. Ṣéènì kò lè jẹ ẹ́ tán ní ọdún kan.

Mo dúró wò ó. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi kò kọ́kọ́ gbé. Ṣùgbọ́n àrá sán, mo sì bá ara mi sọ̀rọ̀ bí amòfin. Mo ní, ta ló ní kí n mú igi? N kò mú igi. Igi ni àálè ń ṣọ́. Ó dára, ta ló wá ń ṣọ́ àálè fúnra rẹ̀? Kò sí. Mo tún ní àwọn ọmọ kíláàsì mi kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí mi. Mo tú bàtà náà. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni. Ìṣó kékeré mẹ́ta wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà kan. Mo ká a, mo fi rọ́bà tíúbù dì í mọ́ irin tó gbé rólà tẹ́lẹ̀, mo jẹ́ kó tẹ ṣéènì. Mo yí táyà ẹ̀yìn wò, ṣéènì ń gba orí bàtà kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa lára. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ súfèé. Ìkánjú kò jẹ́ kí n fún nọ́ọ̀tì irin náà; ọwọ́ ni mo fi yí i, nítorí pé sípánà mi wà nílé.

Mo gun kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀síwájú. Kò pẹ́ ni ìfé kú lẹ́nu mi.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé mo bojú wẹ̀yìn. N kò mọ ohun tó mú mi wò. Mo rí ọ̀pá náà lórí igi, ìkarahun àti ṣùkù ṣì rọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ń mì wọ́n, àyè bàtà sì ṣófo láàárín wọn bí eyín tó ká. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ohùn ìyá mi àgbà dé sí mi létí, obìnrin tó ti kú tipẹ́. Òun ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ wọn nígbà tí mo wà ní kékeré: ìkarahun ní kí ilé olè ṣófo, ṣùkù ní kó gbẹ, bàtà ní kó máa rìn, kó má dé ibi tó ń lọ. Kó máa rìn, kó má dé. Mo fún epo sí i, kẹ̀kẹ́ sáré; ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi pé mo ń sá fún ohun tí mo gbé dání. Ìró bàtà lára ṣéènì ń lọ ṣàà-ṣàà-ṣàà lábẹ́ mi. Ẹ gbọ́, mo ti gbọ́ ìró yẹn rí. Ìró àgbẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti oko ni. Bí mo bá dín eré kù, òun náà á dín in kù. Bí mo bá sáré, á sáré. Mo ní kí n kọrin ìjọ, n kò rántí orin kan. Mo ní kí n ka ìlọ́po méje bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré ni mo wà nígbà tí ìró náà yí padà. Ó di kọ̀-kọ̀-kọ̀. Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kò gbọ́. Nọ́ọ̀tì tí mo fi ọwọ́ yí ti dẹ̀. Irin ń yí wọ inú sípóòkù díẹ̀díẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ òsì sísàlẹ̀ kí n fi tì í jáde. Ìwà òmùgọ̀ wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ṣéènì gbá ẹnu bàtà mi mú, ó fà á wọ inú eyín irin ẹ̀yìn, táyà há pinpin gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wẹ́dà ṣe wí. Kẹ̀kẹ́ dúró. Èmi kò dúró. Ohun tó bá ń bọ̀ lókè, ilẹ̀ ní í gbà á. Mo rí ọ̀run, mo rí ilẹ̀, mo tún rí ọ̀run, mo sì bá ara mi nínú koríko létí odò, òjò sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo lè jókòó, mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀tún wọ bàtà. Òsì wà ní ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣàn ní ọmọ ìka. Bàtà mi òsì wà lẹ́nu ṣéènì, ó há síbẹ̀ bí eku tó há sẹ́nu ológbò. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni bàtà àálè wà, òsì pẹ̀lú òsì, kò sí ohun tó ṣe é. Ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ọkùnrin tó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà jókòó sínú òjò, ó ń sunkún, ó ń sọ fún bàtà pé kó dárí ji òun.

N kò lè padà sí ìdí igi yẹn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n padà, mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbà, ọkàn mi kò sì gbà ju ẹsẹ̀ lọ. Mo fa irin rólà jáde nínú sípóòkù, mo yọ ṣéènì kúrò lára irin ẹ̀yìn, mo sì fà á kúrò lẹ́nu bàtà mi. Mo fi kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Mo ti kẹ̀kẹ́ kọjá ìkóríta pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, òjò sì ṣàánú mi, ó ti lé gbogbo ènìyàn wọlé. Mo sùn ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń fetí sílẹ̀ bóyá n óò gbọ́ ṣàà-ṣàà ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń tú bàtà náà kí n lè sá lọ so ó padà kí agogo ilé-ìwé tó dún. Mo gbọ́ "Àgò o." Ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ìwé wa ni, tí mo máa ń kí lójoojúmọ́. Mo fi ara dí kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ wú, ó sì fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ìgbómìnà jinlẹ̀jinlẹ̀ ló ń sọ. Mo ń kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo yín.

"Tíṣà, ẹ kú ìdájí. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ni mo sá bá. Wọ́n jí àálè mi."

Mo fara mọ́ kẹ̀kẹ́ sí i. "Wọ́n jí igi yín, Ìyá?"

"Igi pé. Ẹyọ kan ò dín. Ọmọ mi kan ló ti ibẹ̀ kọjá lánàá tó wá sọ fún mi. Bàtà orí àálè nìkan ni wọ́n mú. Tíṣà, olè wo ló ń jí ajá tó ń fi ẹran sílẹ̀?"

Mo na apá bo ibi tí bàtà wà.

"Bàtà ọkọ mi ni. Èyí tó wọ̀ lọ oko kẹ́yìn kó tó kú. Kò sí ẹni tí mo sọ fún pé tirẹ̀ ni. Ẹni tó wá yan ìyẹn mú, tó fi igi sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi bàtà òkú ṣe? Ta ló fẹ́ fi í ṣe?" Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Mi ò sùn. Gbogbo ẹsẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn ilé lálẹ́ àná, mo ní wọ́n ti dé nìyẹn."

Ẹ wò ó. Ní gbogbo òru yẹn tí mo fi ń bẹ̀rù àálè rẹ̀, òun náà ń bẹ̀rù mi. Ìtìjú bò mí ju ẹ̀rù lọ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún padà, nítorí pé ìyá náà ti gbé ọwọ́ sókè.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kọ ọ́ sí páálí, kí n gbé e sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣe àṣẹ. Ẹni tó mú bàtà ọkọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì..."

"Ìyá, ẹ dúró!" Mo pariwo débi pé adìyẹ fò ní àgbàlá. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gírísì. "Èmi ni. Èmi ni mo mú un. Ẹ má parí rẹ̀."

Ó gba orí mi wo kẹ̀kẹ́. Ó rí ìṣó mẹ́ta náà.

"Ìwọ?" Ọ̀wọ̀ tíṣà ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo fi ṣe?"

"Mo fi tẹ ṣéènì, Ìyá."

"O fi bàtà ọkọ mi tẹ kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi ọwọ́ júwe rólà, mo júwe bí ṣéènì ṣe ń dẹ̀, mo júwe bí mo ṣe ṣubú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni èjìká rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. "Ṣéènì! Mo ní wọ́n fẹ́ pa mí, ṣéènì ni!" Ó tún nu ojú. "Kò kúkú jókòó sójú kan rí, baba yẹn. Tú u fún mi."

Mo tú u. Ó fi etí aṣọ nu gírísì kúrò lára rẹ̀, ó dì í sínú ìborùn rẹ̀. Mo rò pé ó parí. Ó dìde, ó na ọwọ́.

"Igi mi wà ní ìhòòhò láti àná. Bàtà tìẹ dà?"

Mo gbé e wá, bàtà aláwọ mi kan ṣoṣo, tí ṣéènì ti jẹ ní imú, tí ó sì ti mu epo dúdú yó. Ó yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Èyí dára," ó ní. "Èyí ò nílò kí ènìyàn tún sọ̀rọ̀ lé e lórí. Dìde, ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ so ó."

Ìyá náà ti lọ bá ọkọ rẹ̀ báyìí. Mo ti ta ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ́ bàbá mi sì ti padà di ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gbé mi ṣubú lọ́jọ́ yẹn, àálè ni àbí nọ́ọ̀tì tí n kò fún, mo máa ń dáhùn kíákíá pé nọ́ọ̀tì ni. Tíṣà ni mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi kí n tó dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo wọ sílípáàsì, mo tẹ̀lé ìyá arúgbó náà dé ìdí igi, ìrìn tí kò dín ní wákàtí kan. Ó dúró tì mí bí ọ̀gá ilé-ìwé. Mo gun òkúta, mo so bàtà mi sí àyè tó ṣófo láàárín ìkarahun àti ṣùkù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo so ó kó tó dúró. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ti abà bọ̀ ti bá mi. Ọmọdébìnrin tó na ọwọ́ sókè ní ọjọ́ Ẹtì ló wà níwájú. Ó wo bàtà náà. Ó dá a mọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́," ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó sì gba apá kejì ọ̀nà kọjá.

Èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Mo gba apá kejì ọ̀nà tẹ̀lé wọn, n kò sì bojú wẹ̀yìn.